Ológbò Tí Mo So Bí Adìẹ

N kò wá ológbò lọ. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí kọ́kọ́ mọ èyí, nítorí pé títí di òní àwọn kan ṣì wà ní Ẹdẹ tí wọ́n ń sọ pé èmi ni mo mú un wá nínú àpò láti ilẹ̀ Èkìtì. Irọ́ ni. Nígbà tí mo dé Ẹdẹ, ohun tó wà nínú àpò mi kò ju ẹ̀wù méjì, ọ̀bẹ kan, àti ìwé kíkà tí wọ́n fún mi ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Ìbàdàn. Ológbò yẹn wá fúnra rẹ̀. N kò pè é, n kò fún un lónjẹ, ó sì kù díẹ̀ kí ó lé mi kúrò nílé.

Mo wà ní kékeré nígbà tí ìlú wa tú. N kò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí mo rántí jù lọ ni ẹyẹlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà bàbá mi, mo ń jẹ iṣu sísun, ni gbogbo ẹyẹlé ilé wa bá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì balẹ̀ mọ́. Ìyá mi gbójú sókè, ó ní, "Kí ló ṣe àwọn ẹyẹ wọ̀nyí?" Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìbọn.

Nínú ilé wa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló kù. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n mú un lọ, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n mú mi lọ, Ìbàdàn ni tèmi. Nígbà tí àwọn òyìnbó ní ogun ti parí, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù máa lọ sílé rẹ̀, òun padà. Èmi náà gbéra. Mo rìn fún ọjọ́ mẹ́rin, mo dé etí odò kan tí mo mọ̀ pé bí mo bá ti rékọjá rẹ̀, ilé ti súnmọ́. Mo dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yí padà.

Lẹ́yìn náà ni mo bá àwọn tó ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ṣiṣẹ́. A gbẹ́ ilẹ̀, a ru òkúta, a tẹ́ irin títí a fi dé Ẹdẹ. Nígbà tí àwọn yòókù ń tẹ̀ síwájú lọ sí Òṣogbo, ọ̀gá ní òun ń wá ẹnì kan tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò, kí ó máa ṣọ́ ilé ẹrù. Èmi nìkan ni mo nawọ́. Bí mo ṣe di ará Ẹdẹ nìyẹn, bí ènìyàn bá lè pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ìbéèrè. Bí mo bá lọ fọn iná lọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n á ní, "Ilé wo?" Bí mo bá fẹ́ ra iyọ̀ ní Ọjà Tìmì, "Ilé wo?" Bí mo bá kàn dúró sábẹ́ igi kí òjò má bàa pa mí, arúgbó kan á yọjú láti ibì kan, á ní, "Ọmọ ilé wo nìyí?" Ní Ẹdẹ, ènìyàn kì í jẹ́ ara rẹ̀ nìkan, ilé rẹ̀ ló ń jẹ́. Èmi kò sì ní ilé tí mo lè dárúkọ. Mo máa ń dáhùn pé, "Mo ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ni."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Rélùwéè kì í ṣe ilé, ará Èkìtì. Ta ni Baálé rélùwéè?"

Baálé agbo ilé kan ní ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ló fún mi ní yàrá. Àgbàlagbà ni, ó ń kírun, kì í pariwo. Yàrá ìpẹ̀kun ni, tó kángun sí ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Mo dúpẹ́ títí ó fi ní kí n dìde nílẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo wọ ibẹ̀, kí n tó tẹ́ ẹní, mo di ẹ̀wù mi kejì, ìwé mi, ọ̀bẹ mi àti èlùbọ́ díẹ̀ sínú aṣọ kan, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tí ogun ti lé rí mọ ohun tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà fún. Bí èlùbọ́ inú rẹ̀ bá ti bu, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní ajá kan nígbà yẹn. Ẹnì kan tí a jọ tẹ́ irin ló fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ sí Òṣogbo. Ẹ mọ̀ pé láàrin àwa Yorùbá, orúkọ ajá kì í ṣe ti ajá. Ẹni tí aládùúgbò bá ń bí nínú, tí kò sì fẹ́ jà, ajá ni yóò rà, yóò sọ ọ́ ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, yóò sì máa pè é ní gbangba. Kò sí ẹni tó lè bá a jà. Ajá ló ń pè. Èmi tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí mi, mo ronú fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó sọ tèmi lórúkọ. Mo pè é ní Sùúrù.

Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ni Ìyá Àdùkẹ́, opó àbúrò Baálé, tó ń ṣe èlùbọ́ tà. Nígbà tó gbọ́ orúkọ náà, ó pòṣé. Ó ní, "Sùúrù? Ta ló ń bá wí?"

Mo ní, "Kò bá ẹnikẹ́ni wí, Ìyá."

"Ajá tí kò bá ẹnikẹ́ni wí, kí ló wá ń gbó fún?"

Ajá tirẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Kò tíì pé oṣù kan tí mo dé tó mú un wá, ó sì sọ ọ́ ní Wọ́nálọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ti gbé oúnjẹ ajá jáde, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, yóò kọjú sí yàrá mi, yóò fi ohùn tó dún dé òdìkejì ògiri pè é: "Wọ́nálọ! Wọ́nálọ o! Máa bọ̀ wá jẹun!" Ojoojúmọ́. Nígbà òjò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi á jókòó sínú yàrá mi, n á máa wo ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Àwọn ẹyẹlé ló gbà mí. Mo kọ́ ìkòkò àlòkù méjì sábẹ́ òrùlé mi láti tọ́jú àgbàdo kí eku má bàa jẹ ẹ́. Kí n tó da àgbàdo sí i, ẹyẹlé méjì ti wọ inú rẹ̀. N kò rà wọ́n, n kò pè wọ́n. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti di mẹ́sàn-án. Baálé dúró lábẹ́ wọn ní òwúrọ̀ kan, ó ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

Ó ní, "Ẹyẹlé kì í bá ènìyàn burúkú gbé. Ọlọ́hun ló rán wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹyẹlé bá wà nínú agbo ilé yìí, ìwọ náà wà níbẹ̀."

Oore ló fi ṣe. Èmi sọ ọ́ di òfin. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá jí, kí n tó bọ́jú, n á jáde lọ ka ẹyẹlé. Bí ọ̀kan bá pẹ́ dé, oúnjẹ kò ní í lọ lọ́fun mi. Ṣé irú ayé wo nìyẹn fún àgbà ọkùnrin? Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ìwé, nítorí náà lẹ́tà kò wúlò láàrin wa. Obìnrin kan tó máa ń gbé kíjìpá wá tà láti ìlú wa ló ń bá wa gbé ọ̀rọ̀. Ìyá Aláṣọ là ń pè é. Bí ó bá dé, yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, yóò gbọn aṣọ rẹ̀, yóò wá fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń ṣe, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an. Ìgbà mìíràn n á gbàgbé pé òun kọ́ ni.

"Ó ní, ṣé o kú ni? Ó ní, bí o bá kú, kí o ránṣẹ́. Ó ní igi ti hù nínú ilé bàbá yín, igi náà sì ti ń so èso, ìwọ ṣì ń bẹ ní Ẹdẹ tí ò ń ṣọ́ àpò ẹ̀kùrọ́ òyìnbó. Ó ní, ìgbà wo lò ń bọ̀?"

N á ní, "Sọ fún un pé ara mi le."

"Ó ti mọ̀ pé ohun tí o máa sọ nìyẹn. Ó ní òun kò béèrè ara rẹ."

Ìgbà wo ni mò ń bọ̀? Ní Ẹdẹ wọ́n ní n á lọ, nílé wọ́n ní kí n máa bọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá mo fẹ́ jókòó.

Àárín eléyìí ni ológbò náà dé.

Inú ọkọ̀ ẹrù ló ti bọ́ sílẹ̀, láàrin àwọn àpò iyọ̀ tó ti Èkó wá. Etí rẹ̀ kan ti ya, àwọ̀ rẹ̀ dàbí eérú, ikùn rẹ̀ tóbi. Mo rò pé eku ilé ẹrù ló ti jẹ yó. Ó wò mí bí ìgbà tí mo jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó pẹ́ níbi tó rán mi. Nígbà tí mo ń lọ sílé, ó tẹ̀ lé mi. Mo sọ òkúta sí i, n kò bà á. Ó dúró kí n sọ òmíràn. Mo sọ ọ́. N kò bà á. Ó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo dì í sínú àpò, mo gbé e dé ọ̀nà Ṣẹ̀kọ̀nà, mo tú u sílẹ̀ nínú oko ẹnì kan, mo sì sáré. Nígbà tí mo délé, ó wà lórí ẹní mi, ó ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tún fún obìnrin kan tó ń lọ sí Awo. Obìnrin náà dúpẹ́ gidigidi, ó ní eku ń dà wọ́n láàmú. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ológbò dé, ó ti rù díẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ kò dín.

Nínú ilé, ìjọba rẹ̀ ni. Ó gba àyè Sùúrù lórí ẹní. Ó jẹun nínú àwo Sùúrù. Ajá náà á wò ó, á tún wò mí, bí ẹni tó ń sọ pé, "Ṣé orúkọ tí o fún mi yìí náà ló fa gbogbo èyí?" Èyí tó burú jù ni pé láti òwúrọ̀ di alẹ́, yóò jókòó sábẹ́ ìkòkò ẹyẹlé, yóò gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ á máa gbọ̀n wìrìwìrì. N kò lè sinmi. Bí mo bá wà níbi iṣẹ́, ọkàn mi ń bẹ lábẹ́ òrùlé. Mo ka àpò òwú ní àṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá sì béèrè bóyá ibà ń ṣe mí.

Ìyá Àdùkẹ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó pe Baálé síta ní gbangba.

Ó ní, "Ẹ wá wò ó o. Ọkùnrin tí a kò mọ bàbá rẹ̀, tí kò láya, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ti ní ajá. Ó ti ní ẹyẹlé. Ó tún mú ológbò wọlé. Ológbò! Ẹran tó ń ríran nínú òkùnkùn! Kí ló fẹ́ fi rí?"

Mo ní, "Ìyá, òun ló mú mi. Èmi kọ́ ni mo mú un."

"Ẹ gbọ́ ọ!"

Baálé wo ológbò náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Àwọn àlùfáà wa kò ka ológbò sí ohun àìmọ́. Ajá gan-an ni mò ń fara dà, tó máa ń fẹ́ fẹnu kan omi àlùwàlá mi. Kò sí wàhálà nínú ológbò." Mo ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ nígbà tó fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n ẹyẹlé o. Ohun tí mo sọ nípa ẹyẹlé, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ ọ."

Ìyá Àdùkẹ́ ní, "A gbọ́ ọ. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Kí ni kí n ṣe? Ẹran tuntun ti dé sílé, kò mọ ilé, kò mọ ohun tí a ń jẹ àti ohun tí a kì í jẹ níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí à ń ṣe sí irú ẹran bẹ́ẹ̀. Bí a bá ra adìẹ tuntun, a ó fi àkísà so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó fún ọjọ́ mélòó kan, yóò máa jẹun níbẹ̀, yóò máa wo àwọn tó bá nílé, títí ojú wọn yóò fi mọ́ra. Ẹni tó bá kánjú tú u, ọjà ni adìẹ rẹ̀ yóò padà sí. Mo bi Baálé, ó ní òótọ́ ni. Ìyá Àdùkẹ́ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Òun ló fún mi ní àkísà, ó sì kọ́ mi bí n ó ṣe ta kókó rẹ̀ tí kò ní í tú. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹnì kan tó rántí pé adìẹ kì í gun òpó.

Mo so ológbò mọ́ òpó iwájú yàrá mi, lábẹ́ ẹyẹlé gan-an, kí wọ́n lè mọra wọn. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Mo rò pé ó ti gbà. Mo yí ẹ̀yìn padà láti bu omi fún un.

N kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ kí èékánná máa họ òpó, mo sì gbójú sókè. Ológbò ti dé abẹ́ òrùlé, àkísà ti yí mọ́ igi àjà, ó há, ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ja afẹ́fẹ́, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Sùúrù tí kò gbó rí láti ọjọ́ tí mo ti ní i bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Wọ́nálọ dá a lóhùn. Ológbò fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò kan, ìkòkò náà sọ lu ọlọ tó wà nílẹ̀, ó fọ́ yángá. Àkísà já. Ológbò bọ́ sílẹ̀, ó gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá wọ yàrá.

Ẹyẹlé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo dúró. Igbá omi wà lọ́wọ́ mi, omi náà ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀run, wọ́n kọjá lórí igi, n kò rí wọn mọ́. Mo ti di ọmọdé tó ń jẹ iṣu. Etí mi ń retí ìbọn.

"Áà!" Ìyá Àdùkẹ́ ti jáde. "Wọ́n ti lọ! Ẹ wá wò ó, wọ́n ti lọ!" Kíá ló ránṣẹ́ sí Baálé ní oko.

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí sí ìwọ̀ oòrùn, mo ń wo òkè. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kì í wá ni, kò sí iṣẹ́ tí mo lè sá sí. Ẹyẹlé máa ń wálé kí oòrùn tó wọ̀. Wọn kò wá. Mo bá sọ fún ara mi pé kí Baálé tó dé, kí ó tó di pé ó ní kí n máa lọ lójú gbogbo ènìyàn, n á ti lọ. Ó kéré tán, mo ti múra. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa láyé nìyẹn.

Mo wọlé, mo na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹrù náà gbóná. Ó tutù ní apá kan. Ó mira.

Ológbò burúkú yẹn ti fi èékánná tú ẹrù tí mo dì láti ọjọ́ tí mo ti wọ yàrá yẹn. Ó tẹ́ ẹ̀wù mi bí ẹní. Èlùbọ́ mi ti dà káàkiri, ìwé mi ti di ìrọ̀rí, ọmọ mẹ́rin sì wà lórí ẹ̀wù náà, ojú wọn dì, wọn kò ju ìka ọwọ́ mi méjì lọ. Òun fúnra rẹ̀ gbójú sókè, ó pariwo mọ́ mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Mo bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìwọ ológbò yìí, kí ni mo ṣe fún ọ? Gbogbo yàrá yìí ṣófo. Ẹní wà níbẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú gbogbo Ẹdẹ, ṣé orí ẹrù tí mo fẹ́ fi sá lọ nìkan ni o lè bímọ sí? Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e báyìí? Ṣé kí n ru ìwọ àti ọmọ rẹ lórí ni?"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Baálé ni. Ọkọ́ ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Ó wọlé, ó wo ológbò, ó wo aṣọ ẹrù tó tẹ́ sílẹ̀, ó wo ọ̀bẹ àti èlùbọ́ tó dà sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹrù kí ni èyí?"

"Tèmi ni, Bàbá."

"Ẹrù ìrìn àjò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Níbo lò ń lọ?"

Mo ní, "N kò mọ̀, Bàbá."

"Láti ìgbà wo lo ti dì í?"

N kò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ ti fún mi ní yàrá."

Ó sọ ọkọ́ kalẹ̀. Ó jókòó lórí ẹní mi, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní, "Èmi ti rò pé ajá ni obìnrin yẹn ń pè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. N kò mọ̀ pé ìwọ lò ń jẹ́ ẹ."

Ojú tì mí. Mo ní, "Bàbá, ẹyẹlé ti lọ."

"Lọ sí ibo?" Ó dìde, ó fà mí lọ́wọ́ síta bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ọmọ. "Kí ni ìyẹn?"

Wọ́n wà lórí òrùlé Ìyá Àdùkẹ́. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tò sórí ọ̀pá òkè pátápátá, wọ́n ń gbọn ìyẹ́. Ọ̀run ni mo ti ń wò láti òwúrọ̀. N kò wo ọ̀ọ́kán mi rárá, nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ́ ara mi láti má ṣe wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn ni. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ire ti wọlé mi! Wọ́n kúrò lọ́dọ̀ àlejò, wọ́n wá sọ́dọ̀ onílé! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀! Baálé, ẹ rí i bí? Ohun tí ẹ sọ ńkọ́?"

Baálé ní, "Mo ní níwọ̀n ìgbà tí ẹyẹlé bá wà nínú agbo ilé. N kò sọ òrùlé tí wọn yóò bà lé." Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Kò tán. Ẹ rántí pé èlùbọ́ ni Ìyá Àdùkẹ́ ń ṣe. Gbogbo iwájú yàrá rẹ̀ ni ó máa ń sá gbodo sí. Ẹyẹlé mẹ́sàn-án kì í ṣe nǹkan kékeré lórí òrùlé tí a sá iṣu sí abẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ó fi omi fọ ìgbẹ́ wọn kúrò lára gbodo. Ní ọjọ́ kejì ó gbé gbodo lọ sí òdìkejì. Ẹyẹlé náà ṣí lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo rí i tó mú ọ̀pá, tó nà án sókè, tó sì tún sọ ọ́ sílẹ̀. Kò lè lé wọn. Ó ti pe gbogbo ènìyàn wá bá a yọ̀. Ẹni wo ló ń fi ọ̀pá lé ire?

N kò ní purọ́. Mo gbádùn ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ó dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó ru ìkòkò kan, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ gbì.

"Ará Èkìtì."

"Ẹ̀yin Ìyá, ẹ káàárọ̀."

"Wá kó ire rẹ."

N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kò tọ́ kí àlejò gba ire lọ́wọ́ onílé."

Ó wò mí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ ní Ẹdẹ nìyẹn, òun náà sì mọ̀. Ó pòṣé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. "Kọ́ ìkòkò náà, jọ̀ọ́. Má fi ìsọkúsọ pa mí." Kò kúrò. Ó ń wo inú yàrá mi, níbi tí àwọn ọmọ ológbò ti ń gun orí Sùúrù. Ajá náà ti di òkè. "Eku ti jẹ apẹ̀rẹ̀ gbodo mi méjì."

"Ẹ̀yin Ìyá, ẹran tó ń ríran nínú òkùnkùn ni o."

"Ṣé ojúmọ́ ni eku ń jẹ gbodo mi ni? Fún mi ní ọ̀kan."

Mo mú èyí tó dàbí ìyá rẹ̀, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn.

Ó ní, "Kí lorúkọ rẹ̀? Bí mo bá mú un lọ tán, kí o má baà ní mo sọ ọ́ ní ohun tí kò dùn mọ́ ọ. Sọ ọ́ fúnra rẹ. Ṣé Sùúrù Kejì ni?"

Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Aṣọ ẹrù mi ṣì tẹ́ sílẹ̀, irun ológbò ti bò ó. N kò tíì dì í padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, n kò sì tíì kú. Ó rí lára mi bí ìgbà tí mo dúró létí odò yẹn, ṣùgbọ́n mo la ẹnu.

Mo ní, "Nòlọ."

Mo rò pé mo ti ba ohun gbogbo jẹ́. Ó wo ọmọ ológbò, ó wò mí, ó tún wo ajá rẹ̀ tó sùn sí iwájú ilé rẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí odó. Ó ń fi ìdí aṣọ nu ojú. Ó ní, "Baálé o! Ẹ wá gbọ́ o! Ará Èkìtì ní ẹnu! Láti ìgbà tó ti dé, ẹnu wà lára rẹ̀!"

Nígbà tí Ìyá Aláṣọ tún dé, tó fi ọwọ́ lé ìbàdí, tó ní ẹ̀gbọ́n mi béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀, mo ní kí ó sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá kí i lẹ́yìn ìkórè, kí ó fi iṣu sílẹ̀ dè mí. N á wo igi tó hù nínú ilé bàbá wa. N á jẹ nínú èso rẹ̀. Lẹ́yìn náà, n á padà sílé. Ìyá Aláṣọ ní, "Ilé wo?" Mo dárúkọ agbo ilé Baálé fún un.

Mo lọ, mo sì padà. Mo rékọjá odò náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ológbò yẹn kò yí ìwà padà. Ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta sí i, kò sí ibi tó dára tí kò bí i sí. Ó ń jẹ nínú àwo Sùúrù, ó sì ń fi ojú ọ̀gá wò mí. Ẹyẹlé ti padà sínú ìkòkò Ìyá Àdùkẹ́ lábẹ́ òrùlé mi. Mo ṣì ń kà wọ́n ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn mo máa ń gbàgbé, ọ̀sán á sì ti pọ́n kí n tó rántí.

Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, Ìyá Àdùkẹ́ á gbé àwo méjì jáde. Ó ti ń darúgbó, ohùn rẹ̀ kò le bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dé òdìkejì ògiri. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí yàrá mi.

"Wọ́nálọ! Wọ́nálọ o!"

Á mí díẹ̀.

"Nòlọ!"

Ológbò náà kì í jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń ní láti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, á máa bínú, á máa ṣépè fún un, kí ó tó yọjú.